Ṣé Aṣọ Ló Súnkì?

Ó pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti tẹ maṣíìnì yìí dó
ní Láfẹ́nwá, lẹ́yìn rélùwéè, lábẹ́ àpáta tí ewúrẹ́ ń sùn lé.
Yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán.
Mo mọ òró ọmọ àdúgbò yìí, mo mọ ìbú wọn.

Inú ìwé ìwọ̀n mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i.
Ọmọ́tádé, ọmọ Ṣóbándé tó ni fíríìjì ẹnu géètì:
ìbàdí, ínṣì mẹ́rìnlélógún lóṣù Ṣẹ́rẹ́;
kí àgbàdo tó gbó, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Mo tú etí ṣòkòtò, mo tún un tú,
títí aṣọ fi ní òun ò létí mọ́.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi.
"Ara ọmọ ń yọ̀, ẹ ní kí n sunkún?
Gààrí gbígbẹ lèmi fi dàgbà."
Mi ò rí i bá wí. Èmi náà mọ ebi lójú.
Níbi tí rọ̀bọ̀tọ̀ ti jẹ́ oríkì,
ta ni yóò yanu sọ pé rọ̀bọ̀tọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ
kó tó gun òkè ilé-ìwé dé ìdajì?

Ọmọ náà ló bi mí. Ó di bẹ́líìtì mú,
ó wolẹ̀: "Màmá Télọ̀, ṣé aṣọ ló súnkì?"
Mo ní, "Aṣọ ni."
Irọ́ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo gbé ìwé náà, ó di ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Adétóún.
Ó ṣí i, ó tún un ṣí. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Ó ní, "Ẹ pa orúkọ wọn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n nìkan sọ̀rọ̀.
A kì í fi ọmọ ṣe ìran wò."

Ìpàdé àkọ́kọ́ dojú rú.
Bẹ́ǹṣì kíláàsì kejì la jókòó lé, orúnkún kan àgbọ̀n.
Ọ̀gá ilé-ìwé ń dá ìyá lẹ́bi, àwọn ìyá ń dá ọlọ́jà lẹ́bi.
Ìyá Kúdí tó ń dín pọ́fùpọ́ọ̀fù dìde:
"Nínú epo yìí lowó ilé-ìwé Kúdí wà.
Ta ni yóò san án? Ẹ nawọ́."
Ọwọ́ kankan ò nà.
A gbọ́ ohùn ewúrẹ́ lórí àpáta.

Ìgbà yẹn ni Alájì Jímọ̀ wúkọ́,
ẹni tó fi búlọ́ọ̀kù yí pápá ìṣeré ká:
"Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà.
Ẹni tó bá fọ́ fèrèsé mi yóò san án."
Sùràjù ọlọ́kadà ní àwọn ò ní gbé ọmọ tílé rẹ̀ ò kọjá afárá mọ́;
àwọn ni yóò dúró ní kọ́nà, tí wọn yóò dá mọ́tò dúró fún wọn.
Àwọn àgbẹ̀ Ọdẹ́dá gbé ọsàn àti ẹ̀pà fún Ìyá Kúdí láwìn.
Ó gbà, tìkùnsínú-tìkùnsínú. Ó ṣì ń dín ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì.
A fi Ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún un.

Ṣóbándé ò yọjú sí ìpàdé kankan.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fíríìjì ti kúrò ní géètì,
ojú ibẹ̀ funfun nílẹ̀ bí ojú àpá.
A ò bi í. Kò sọ.

Igba ojú ní í tọ́mọ, wọ́n ní.
Ojú wa tó igba tẹ́lẹ̀ o;
ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la kàn ń wò.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ọmọ́tádé tún wá, erùpẹ̀ pápá lórúnkún.
Mo fi téèpù yí i ká: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sún.
Mo wọn ẹsẹ̀: ṣòkòtò ti fi ínṣì méjì fo ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀.
"Màmá Télọ̀, ṣé aṣọ ló tún súnkì?"
Mo fi eyín gé òwú.
"Rárá o," ni mo wí. "Ìwọ lo ga."