Aṣọ Ìnura Mẹ́rìnlélógójì

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni mo ti mọ omi gbígbóná,
níbi tí kò sí fèrèsé,
tí ọ̀sán àti òru jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.
Ẹ̀rọ mọ́kànlá ń fọ̀, mẹ́sàn-án ń gbẹ,
èmi ń ká.
Oṣù keje rèé tí mo ti ń ká aṣọ ibùsùn tí n kò ní í sùn lé.

Ní Sítíkà, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá pè mí:
"Fọlárànmí, bá wọn gbé aṣọ ìnura.
Mẹ́rìnlélógójì. Kà á kí o tó lọ, kà á nígbà tí o bá dé."
Bí mo ṣe fojú kan oòrùn Àlásíkà nìyẹn,
tẹrùtẹrù.
Orí ni mo gbé e lé. Àwọn èrò ń ya fọ́tò mi
bí ẹni tó rí àbùùbùtán.

Màlíìnì ló ń wa ọkọ̀ kékeré náà, ọmọ Tílíńgíìtì,
ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, àti ìyá ìyá rẹ̀.
Igi dúdú lọ́tùn-ún, igi dúdú lósì, òjò ń kán tótó.
Ó nàka sí òkè oníná lọ́ọ̀ọ́kán:
òkè náà jókòó, ó dé fìlà funfun,
kò wo ẹnikẹ́ni lójú.
"Ṣé ó ti kú ni?" Bàbá kan láti Òháyò ló béèrè.
Màlíìnì rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà kan rí
ọkùnrin kan ní ìlú yìí kó ògbólógbòó táyà lọ sẹ́nu òkè náà,
ó ṣáná sí i, ní ọjọ́ ẹ̀tàn oṣù kẹrin.
Èéfín dúdú sọ. Ará ìlú sáré jáde, tòun ti aṣọ oorun lọ́rùn.
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.
Àmọ́ nílé wa, wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú.
Èyí fi yìnyín bojú.
Ta ló wá sọ pé ó kú?

A gúnlẹ̀. Òórùn imí ọjọ́ pàdé wa létí omi,
imí ọjọ́ tí pásítọ̀ wa fi ń dẹ́rù bà wá lọ́mọdé.
Níbí, wọ́n ń bọ́ bàtà nítorí rẹ̀.
Ahéré pákó méjì, ọpọ́n onígi ńlá nínú wọn,
omi ń ti abẹ́ àpáta wá, ó ń rú èéfín.
Ta ní ń koná sí i? Ta ní ń san owó iná?
Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ihò tó ti ń jáde,
bóyá n ó rí ẹlẹgbẹ́ mi kan nísàlẹ̀ níbẹ̀,
láìní fèrèsé,
tó ń ká nǹkan.

Àwọn èrò wẹ̀, wọ́n kígbe "áà", wọ́n nura,
wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ẹja sámọ́ńnì létíkun.
Màlíìnì ní, "Ìwọ ńkọ́?"
"Òfin ọkọ̀ ò gbà."
"Ṣé ọkọ̀ nìyí?"
Ó ki ìgúnpá bọ omi.
Ìgúnpá, kì í ṣe ọwọ́,
bí ìyá mi àgbà ṣe ń ṣe kó tó bu omi sẹ́yìn ọmọ tuntun.
"Wọlé. Bí wọ́n bá ń bọ̀, màá wúkọ́."

Àwọn àgbà ní omi gbígbóná kì í pẹ́ lẹ́nu.
Wọn ò sọ ti ara.
Ó gba orúnkún, ó gba ìbàdí,
ó bá oṣù méje níbi tó ká jọ sí léjìká mi,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, ìṣẹ́po kan tẹ̀lé òmíràn.
Òjò tútù ń kán sí mi lórí.
N kò ronú ilé. N kò ṣírò owó kankan.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Màlíìnì wúkọ́.

Lálẹ́, ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì: mẹ́tàlélógójì.
"Ọ̀kan dà?"
Mo ní atẹ́gùn òkun gbé e lọ.
Wọ́n yọ dọ́là méjìlá nínú owó mi.

Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
N kò tíì fọ̀ ọ́.