Ẹni Tó Ṣẹ́kù ní Vardø

Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré.
Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kánàkò ní,
"Ẹ má bínú, màmá, kò gbé yín. Ẹ padà wá lọ́la."
Ragnfrid gbé báàgì rẹ̀, ó la yìnyín kọjá lọ sílé,
ó gbé ẹja kaná,
ó ń bú ìjọba lábẹ́ èémí.

Fóònù dún.
"Torunn, ṣé ìwọ ni? Jọ̀ọ́, bá mi fún ológbò lóúnjẹ.
Èmi Ragnfrid ni. Mo ti dé Tromsø, mo ti rí Màmá."
Kò kọ́kọ́ dá ohùn náà mọ̀.
Ta ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí
bí aráyé ṣe ń gbọ́ ọ?

Ẹja jóná.

Ká ní ọ̀dọ̀ tiwa ló ti ṣẹlẹ̀ ni,
kò sẹ́ni tí ì bá janpata:
ẹni tó kọ́kọ́ jáde, iṣẹ́ ni wọ́n rán an,
ẹni tó dúró sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n.
Ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n bi ní Vardø.
Ilé ìfowópamọ́ ní gbèsè ọkọ̀ ìpẹja kan ṣoṣo ló wà lákọsílẹ̀,
kí àwọn méjèèjì jọ máa san án.

Òrùka di méjì. Àpá ọ̀bẹ ìka òsì di méjì.
Oddvar nìkan ni kò di méjì,
òkun ti gbé e mì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Ìbànújẹ́ kì í ṣe iṣu, kò ṣe é dá sí méjì:
odindi rẹ̀ wà ní Vardø,
odindi rẹ̀ wà ní Tromsø.

Wọ́n ní kó tún padà wọnú ẹ̀rọ.
Ó ní rárá, kí òun má lọ di ẹ̀kẹta.
Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀,
ọkọ̀ tó ń yà ní gbogbo èbúté bí aláròyé.

Ní Hammerfest, lóru, fóònù tún dún.
Ẹni tó pè é kò sọ̀rọ̀.
Ṣé ó tún yẹ kó sọ ọ́ ni?
Bí òun náà ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn.

Títí di òru yẹn, ẹnì kan ni wọ́n.
Ṣùgbọ́n ọ̀kan di ọwọ́ Solbjørg mú títí ó fi tutù,
èkejì di irin ọkọ̀ mú,
irin náà sì tutù.

"Kí ni Màmá sọ gbẹ̀yìn?"
"Ó pe orúkọ…"
Afẹ́fẹ́ gba inú fóònù kọjá.
"Ó pe orúkọ wa."

Ragnfrid pa fóònù, ó kọjú sómi.
Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.
Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé
bó bá jẹ́ òun ló wà lọ́hùn-ún,
irú irọ́ tí òun ì bá pa gan-an nìyẹn.