Okun

Òru ni mo gbéra ní Ògìdì lẹ́yìn ọ̀kadà,
fúláàsì oníyìnyín láàárín itan mi bí ọmọ ìkókó.
Ìgò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó ga ju ìka lọ:
ẹ̀jẹ̀ Lékè, ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀.
Yìnyín ti ń yọ́.
Aago mẹ́fà ni ọkọ̀ yóò gbéra ní Kàbà,
kò sì ní tìtorí tèmi dúró.

Èmi kì í ṣe dókítà.
Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni iṣẹ́ mi, oògùn ibà, wíwọn ọmọ,
àti ìwé ńlá kan tí eku ti jẹ etí rẹ̀.
Inú rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn:
Ọlọ́runlékè, ọkùnrin, ọdún mẹ́fà, ó máa ń ṣubú.
Mo ní kí wọ́n máa fún un ní ẹyin àti ẹ̀wà.
Bí mo bá ṣí ojú ewé yẹn, ojú a máa tì mí.

Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ki bí ti agbábọ́ọ̀lù,
bàbá rẹ̀ a máa fi yangàn lábẹ́ igi kajú.
Ta ló mọ̀ pé iṣan tó ń wú lè máa kú lọ?
Bó bá jókòó sílẹ̀ tó fẹ́ dìde,
á kúnlẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀,
á wá máa fọwọ́ gun ara rẹ̀,
orúnkún, itan, ìbàdí,
bí ẹni ń gun ọ̀pẹ láìní igbà.
Bó bá dókè, á rẹ́rìn-ín: “Mo ti dé.”

Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó ń bọ̀ lóko, okun.
Ẹni tó bímọ, okun. Ẹni tó sìnkú, okun.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ kí i, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun.
Òun ló kí mi: “Okun o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì.”

Àwọn olùwádìí méjì wá, wọ́n béèrè:
nílé ìyá rẹ̀, ta ni irú èyí tún ṣe rí?
Ìyá àgbà ò fọhùn. Ó wọlé lọ bu kóró kajú,
ó ń tò ó sínú eruku.
Èmi rèé. Àwọn ọmọ mi obìnrin rèé.
Ó wá ṣa méjì tí iná ti jó di èédú:
“Mórótì.” Ó dákẹ́. “Sákáríà.”
Ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn nínú ilé yẹn.
“Wọ́n ní èmi ni mo jẹ wọ́n.”
Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé gbé bírò sílẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni lẹ́tà dé.
Orúkọ àrùn náà gùn ju orúkọ ọmọ lọ,
oògùn tí yóò wò ó kò tíì sí,
ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ti wá.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kan ilẹ̀kùn wọn.
Mo ní: ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀,
kò sẹ́ni tó ṣa ohun tí yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́.
Ìyá àgbà ní: “Ṣé ó wà nínú ìwé pé n ò jẹ wọ́n?”
“Ó wà níbẹ̀, Màmá.”
Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo kà á síbẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè mo máa ń na ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀,
kí gìgísẹ̀ má baà gbàgbé ilẹ̀.
A ó ka oókan dé ọgbọ̀n; ó máa ń fo méjìlá.
Káfíńtà ti gbé pákó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì,
ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ gorí rẹ̀.
Lánàá ó bi mí: “Ẹ̀jẹ̀ mi dà báyìí?”
Mo ní ó wà lọ́hùn-ún, nínú fíríìjì, wọ́n ṣì ń wò ó.
Ó rò ó títí.
“Ó ti rìn jìnnà jù mí lọ.”
Mo ní, na ẹsẹ̀ kejì.