Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ "Dúró"

Ọláníhùn, o rántí òru tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ ya wèrè
ní Ṣómólú, lẹ́yìn ilé epo?
Káàdì ìkómọ igba lo fẹ́ tẹ̀.
Bọ́tìnnì há. Ọmọ iṣẹ́ rẹ ń pariwo.
Kí o tó fa wáyà yọ lára ògiri,
orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ti kún ilẹ̀ dé orúnkún wa,
íńkì ṣì tutù lára rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ nìyẹn.

Mo wà ní Ìdí-Àràbà, nínú yàrá àyẹ̀wò,
jẹnẹrétọ̀ ń kùn létí fèrèsé,
mo ń wo fíìmù kan tó ní ìlà dúdú mẹ́ta.
Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì kò létí, kò lẹ́nu.
Àrokò ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.
Iṣẹ́ dé sí awọ ìta; ẹni tó gbà á kò wọlé,
ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn sínú ilé,
ó so ẹyọ fọ́sífétì kan, tí ojú kò lè rí,
mọ́ purotéènì níbi tí à ń pè ní tairosíìnì,
bí ẹni so okùn pupa mọ́ ọrùn ọwọ́.
Ẹni tó bá rí okùn náà á dìde,
á so ti ẹlòmíràn,
títí ọ̀rọ̀ á fi dé ìyẹ̀wù tí ìwé ìdílé wà:
"Ẹ pín. Ẹ di méjì."

Ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa tú okùn.
A kì í yìn ín.
Òun ni kì í jẹ́ kí egbò tó ti jiná máa wú.

Nínú tìrẹ, ìwé méjì ló ya,
wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ lódì,
asokùn kan tibẹ̀ jáde tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Kò dúró de iṣẹ́ láti ìta.
Ó ń so, ó ń so.
Ẹni tó ń tú u kò lè bá a.

Dókítà Ajíṣafẹ́ fún ọ ní oògùn tó láwọ̀ ọsàn.
O ní, ṣé èyí ló máa pa á?
Rárá o. Ó kàn lọ jókòó
síbi tí asokùn ti máa ń mú okùn,
ó fìdí kalẹ̀, kò dìde.
Ẹyọ kan lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.
Má torí pé ara yá lónìí gbàgbé tọ̀la.

Ìlà kẹta ti ń ṣá lórí fíìmù tòní.
Kò tíì parẹ́.
Mo gbé e súnmọ́ iná, mo tún wò ó,
mo ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀
lórí ìwé tó kù.