Oko Bàbá Àgbà Wà Nísàlẹ̀ Wa

Ní Ìkún, lórí odò tí ìjọba sé,
a ti sun oorun ogún ọjọ́ nínú ọkọ̀ onígbòkun,
orí mi ṣì ń kọlu àjà rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀
bí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé òun ti kó kúrò nílé.

Ọlágòkè, ọmọ olókè tí òkun gbà wò fún ọdún mọ́kànlá,
ló fi igi ìrókò kan ọkọ̀ yìí lábẹ́ máńgòrò,
tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró, tí wọ́n ń bi í pé,
"Ẹ̀gbọ́n, òkè wo lẹ fẹ́ wà á gùn?"
Kò dá wọn lóhùn. Ó ń fi ọ̀dà kun ìdí ọkọ̀.
Lọ́jọ́ tí tírélà dé, àwọn náà ló bá wa tì í.

Nínú omi dúdú tó wà nísàlẹ̀ wa yìí,
oko kòkó bàbá àgbà rẹ̀ wà ńbẹ̀,
kùkùté, ebè, ààlà tí wọ́n torí rẹ̀ pera wọn lẹ́jọ́.
Ibi tí a ju ìdákọ̀ró sí, ó ní ibẹ̀ ni ahéré wà.
Ìdákọ̀ró ọ̀hún há mọ́ nǹkan.
Mo rò ó pé bóyá ẹnu ọ̀nà ni.

Òṣùwọ̀n kòkó ló gbé kọ́ ara òpó,
ó ń wọn ẹrù wa bí ẹni tí yóò rà á:
ìwé Fọlárànmí, méjì péré;
gàrí, àpò kan àti ààbọ̀;
aṣọ òtútù, nítorí òru òkun, ó ní, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa;
epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, tí a fokùn dè mọ́ ògiri bí ẹlẹ́wọ̀n.
Mobọ́láńlé ní kí wọ́n wọn òun náà.
Ó fi kìlò méjì wúwo ju odó lọ.

Odó. Ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ó há.
Ṣé a ó bí mi ní Èkìtì kí n wọ òkun láìgbódó?
Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo gúnyán nínú ọkọ̀:
gbì, ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún,
gbì, ó fì sósì,
àwo ń yọ̀ lọ, iṣu ń bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ń kú fẹ́rìn-ín,
Ọlágòkè na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ìbídùn, wàá la ìdí ọkọ̀!"
Iyán ọjọ́ náà ní kókó. A jẹ ẹ́ tán.

Ìyá ọkọ mi ò wọnú rẹ̀ rí.
Orí àpáta létí omi ló máa ń jókòó sí,
á di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wá,
á ní, "Ṣé ulé yín ṣì ń mì?"
Mobọ́láńlé ní, "Ìyá àgbà, ọkọ̀ ni."
"Ibi tí ẹ sùn tí ẹ jí, kí ni à ń pè é?"
Ẹnikẹ́ni ò fèsì.

Òun ló gbé odó lọ. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí.
Ọmọ odó nìkan ni mo fi pamọ́ sábẹ́ ẹní.
Ọkọ mi rí i. Mo ń retí ariwo.
Ó gbé e yẹ̀ wò, ó fi àtàǹpàkò tẹ
ibi tí ọwọ́ ìyá mi ti mú un dán,
ó gbé e jáde, mo ń gbọ́ ìró ayùn.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ni ọwọ́ ìtọ́kọ̀.
Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ.

Lọ́jọ́bọ̀ ni tírélà ń bọ̀ wá gbé wa lọ sí Wàrí,
lẹ́yìn náà Sàró, lẹ́yìn náà ibi tí máàpù kàn fi búlúù kùn.
Fọlárànmí ń bi mí bóyá òkun mọ̀ wá.
Mo ní kò mọ̀ wá. Mo ní kó sùn.
Afẹ́fẹ́ ń tòkè bọ̀, ó ń rùn bí iná oko,
ó ń fọwọ́ pa ìgbòkun bí ẹni tó fẹ́ dúnàá dúrà aṣọ.
Okùn ìdákọ̀ró ń ké díẹ̀díẹ̀
mọ́ nǹkan tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ọ̀la la ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, tí yóò lọ tú u.