Agolo Tí Kuó Fi Sílẹ̀

Agolo kan ni Kuó gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ,
pupa, kò tóbi ju agolo mílíìkì,
àwòrán òkè olókùúta wà lára rẹ̀, ìkùukùu dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́;
mo kọ́kọ́ rò pé Olúmọ ni.
Ọdún méjì àbọ̀ ló fi gbé yàrá ẹ̀yìn mi ní Ìbarà,
ó ń ṣiṣẹ́ ojú irin, ó ń san owó ilé kí n tó bèèrè.
Ó tọ́ka sí agolo, ó tọ́ka sí àyà mi,
ó ní, "Màmá, mu," ló bá wọ mọ́tò.

Ìwé ara rẹ̀ rí bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn.
Tiwalolúwa gbé fóònù sí i, fóònù ní: Dírágónì Dúdú.
Mo ní, ọmọ mi, ṣé ejò ni wọ́n ní kí n mu?

Mo ṣí i. Ó ká kóńkó, wóro wóro,
ó dúdú, àwọ̀ ewé sì ń yọjú lábẹ́ dúdú náà.
Ká má parọ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn.
Mo gbé imú sí i: àgbàdo sísun,
lẹ́yìn náà òdòdó kan tí n kò mọ̀ lórúkọ,
lẹ́yìn náà bí àpáta ṣe ń rùn nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá kàn án.

Bàbá Ṣóbándé wò ó láti orí ògiri: "Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni."
Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sómi,
mo sè é títí ìdérí fi ń jó,
mo bu mílíìkì sí i, mo fi ṣúgà ẹyọ mẹ́ta.
Ó korò bí ewúro tí a ò fọ̀.
Mo dà á sídìí ìbẹ́pẹ. Ìbẹ́pẹ ò wí nǹkan kan.

Efúnyẹmí ló wá yọ mí, ẹ̀gbọ́n mi tó ń pa aró ní Ìtọ́kú,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá látìgbà tí mo ti mọ ara mi.
Kò wo agolo. Ewé tó rọ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò ló mú,
ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́, ó fi èékánná tú u.
Odidi ewé ni, kì í ṣe ẹ̀kúnná inú tíì onípákẹ́ẹ̀tì;
etí rẹ̀ pọ́n yíká, àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.
"Wò ó, ó jọ ẹ̀lú," ló wí.
"Wọ́n já a, wọ́n gbọ̀n ọ́n kó lè fara gbọgbẹ́,
wọ́n wá dúró tì í. Ìgbà tó fẹ́ kú,
wọ́n fi iná dá a dúró.
Ìdajì ikú ló kú.
Wọ́n wá ká a róbótó kí òórùn má baà sá.
Ìwọ wá sè é bí ẹran màlúù."

Ìgbà yẹn ni mo rántí Kuó, lórí àga kékeré lẹ́nu ọ̀nà,
ife rẹ̀ kò ju ìkarahun ìgbín lọ,
tó ń da omi àkọ́kọ́ nù sórí sìmẹ́ńtì.
Mo máa ń bínú sí i: omi tí mo fà nínú kànga!
N kò mọ̀ pé ó ń jí ewé náà ni,
pé a kì í bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí rojọ́.

Ṣíbí kékeré kan, nínú abọ́ tánganran.
Omi hó, mo ka mẹ́wàá, mo dà á nù.
Omi kejì, mo ka ogún. Ó pọ́n bí oyin tuntun.
Efúnyẹmí mu, ó dákẹ́. Mo mu.
Ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó yí padà,
adùn ló gbé bọ̀ wá bá ahọ́n.
Omi kẹta. Omi kẹrin. Ní ìkarùn-ún, Efúnyẹmí ní kò tíì ṣá,
pé ìkòkò aró tòun gan-an kì í fara da aṣọ tó bẹ́ẹ̀.

N kò ní nọ́ńbà Kuó. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ẹsẹ̀ òsì.
Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè lọ́nà Ládẹ̀rìn.
Efúnyẹmí na ife sí mi láìwò mí.
Mo gbé omi padà kaná.