Èémí Lára Fàdákà

Ọjọ́ Ajé, tí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò,
ni mo máa ń ṣí àpótí dígí kẹrin,
ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ mi bí ẹni fẹ́ gbẹ̀bí.
Ẹ̀mú ṣúgà tó ní èékánná ẹyẹ.
Ọ̀pá àbẹ́là mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò tanná sí mọ́.
Àpótí tíì kékeré tó ní ihò kọ́kọ́rọ́:
ewé lásán-làsàn, wọ́n tì í mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Kìnnìún kan ń rìn ní ìdí ìkòkò tíì,
kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ.
Adé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé Ṣẹ́fíìdì ni wọ́n ti ṣe é;
lẹ́tà kan fún ọdún, lẹ́tà méjì fún ọ̀gá.
Mo wá lẹ́tà ẹni tó nù ún dán,
n ò rí.

Enid Staniforth, ìyá tó bí ìyá mi,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló dé ìdí ẹ̀rọ.
Bébà ló wé mọ́ra láti àyà dé ọrùn ẹsẹ̀,
aṣọ pupa ló fi di irun,
síbẹ̀ òróró àti iyanrìn ń ta sí i lẹ́nu;
itọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
“Kí ó tó dán,” ni ó máa ń wí, “a ó kọ́kọ́ ha á.”
Òótọ́ ni. Ìnù ń jẹ fàdákà.
Lẹ́yìn igba ọdún ìnù, kìnnìún wa ti di ológbò,
ológbò náà ti ń di òjìji.

Ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kò tọ́ ọ wò:
ṣíbí páànù ló fi po tíì títí ó fi kú.

Lánàá, òtútù mú nínú yàrá.
Mo fẹnu súnmọ́ ìkòkò náà, mo mí sí i.
Ìkùukùu fẹ̀ lára rẹ̀, àmì kan sì jáde láàárín:
asà, ẹyẹ mẹ́ta, ìdajì orúkọ ìdílé kan,
ti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, tó jẹ gbèsè, tó tà á.
Ẹni tó rà á ló ní kí wọ́n pa á rẹ́.
Wọ́n pa á rẹ́ títí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò fi fẹ́lẹ́
bí etí ọmọ tuntun.
Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó lọ.

Mo tún mí. Ẹlòmíràn ni mo ń wá.
Ojú ara mi ni mo bá, imú ràgàjì,
àti Clement Oxspring lẹ́yìn mi tòun ti ìgbálẹ̀:
“Ṣé o ti ń fẹnu ko ìkòkò lẹ́nu ni?”
Mo ní rárá o, ẹnìkan ni mo ń kí.

Mo ti àpótí. Mo tún ìwé pélébé iwájú rẹ̀ tò:
Ìkòkò tíì. Fàdákà.
Ọwọ́ rẹ̀: igi.
Ipò rẹ̀: ó dára.